Akódà Kóòtù nínú Ọgbà Òdòdó

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí Jóṣúà Ṣówándé ti ń pín ìwé ìpè fún ilé ẹjọ́ kan ní Igbóṣẹ̀rẹ́. Akódà kóòtù ni wọ́n ń pe ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá pe ẹnì kejì lẹ́jọ́, akódà ni yóò gbé ìwé náà dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n pè. Bí adájọ́ bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí kan tí kò fẹ́ yọjú, akódà náà ni yóò wá a lọ. Jóṣúà kì í ṣe ọlọ́pàá. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti mú ẹnikẹ́ni, kò sì mú kóńdó dání. Ìwé nìkan ló máa ń gbé. Síbẹ̀, láti ìgbà tó ti ń gbé e, kò tíì pàdé ẹni méjì tí inú wọn dùn láti rí i.

"Wọn ò sí nílé" ni ọ̀rọ̀ tó gbọ́ jù láyé rẹ̀. Ọkùnrin kan ní Òkè Pópó ti inú yàrá pariwo pé òun ti lọ sí Ìbàdàn. Obìnrin kan lẹ́yìn Ìga Ìdúngànran da omi ìfọṣọ sí i lẹ́sẹ̀, ó ní òun ò rí i. Ní Làfíàjì tí òun àti ìyàwó rẹ̀ Adéníkẹ́ ń gbé, tó bá ń kọjá, àwọn tó ń tayò máa ń dákẹ́ díẹ̀ títí tí yóò fi kọjá tán. Kò bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ẹni àádọ́ta ọdún, ó ti kọ́ láti máa dá ẹni tó bá bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀ lóhùn pé, "Iṣẹ́ ìjọba ni," yóò sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Ọgbà kan wà nítòsí Igbóṣẹ̀rẹ́ tí ìjọba ṣe kí ará ìlú lè máa sinmi níbẹ̀. Pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gbé orúkọ gígùn kan, ṣùgbọ́n Ọgbà lásán ni gbogbo èèyàn ń pè é. Láti ọjọ́ tí Jóṣúà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló ti ń gba ẹ̀gbẹ́ irin ọgbà náà kọjá, kò sì wọ inú rẹ̀ rí. Orúnkún ló mú un wọ ibẹ̀. Nínú oṣù Jánúárì ọdún tó kọjá, ó ń bọ̀ láti Ìta Fájì ní ọ̀sán, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ sì ń ta á bí ìgbà tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún un. Ó rí àga gbọọrọ kan lábẹ́ igi fúrúútù, ó wọlé.

Ọyẹ́ ń mú gan-an nígbà náà. Koríko ọgbà ti gbẹ bí kànìnkànìn, eruku bo ewé gbogbo, ẹ̀rọ tó yẹ kó máa tu omi sókè láàárín ọgbà kò ní nǹkan kan nínú ju ike omi mímu méjì lọ. Obìnrin àgbàlagbà kan ti wà lórí àga náà kó tó dé. Ó fi ìborùn funfun borí, ó gbé ike onídèérí kan sẹ́sẹ̀, ó ń fi abẹ́rẹ́ kó iṣẹ́ sára fìlà.

"Ẹ kú ìjókòó o, mà," ni Jóṣúà wí.

"Ẹ kú àárẹ̀. Ẹ rọra jókòó o, ìṣó kan wà lápá ọ̀tún yẹn. Ó ti fa ṣòkòtò ẹni mẹ́ta ya lójú mi."

Jóṣúà sún sápá òsì, ó dúpẹ́. Obìnrin náà wo báàgì aláwọ̀ dúdú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe ní tiyín?"

"Iṣẹ́ ìjọba ni, mà."

"Ìjọba tóbi," ni obìnrin náà wí. Kò tún bi í mọ́. Ó fi itọ́ tọ́ ẹnu òwú rẹ̀, ó tì í wọ ihò abẹ́rẹ́.

Ìyá Onífìlà ni gbogbo ẹni tó ń wá sí ọgbà ń pè é, orúkọ tí Jóṣúà náà sì mọ̀ ọ́n sí nìyẹn. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó ti pẹ́ ní Èkó. Ó ní yàrá òun ṣókùnkùn, iná mànàmáná sì máa ń da òun lójú rú, pé ọdún kẹsàn-án rèé tí òun ti ń gbé iṣẹ́ wá sínú ọgbà nítorí ìmọ́lẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti gbọ́ ohùn Jóṣúà dáadáa, ó ti mọ ibi tó ti wá, ó sì sọ ọ́ ní Ọmọ Ẹ̀gbá. Gbogbo ọ̀sán ni Jóṣúà ń yà níbẹ̀ báyìí. Ohun tó fà á kò ju pé obìnrin náà máa ń rẹ́rìn-ín bó bá rí i tó ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Onífìlà fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ tọ́ka sókè.

"Ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ wo igi yìí."

Jóṣúà wo òkè. Àwọn ewé fúrúútù gbòòrò náà ti pọ́n bí iyùn, òmíràn ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó ń kú ni?"

"Ikú wo? Ara ló fẹ́ bọ́. Ẹ jẹ́ kó bọ́ra tán, kẹ́ ẹ wá wo orí ọwọ́ rẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí igi náà wà níhòòhò tán, kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ewé kéékèèké fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dúró ṣánṣán bí àbẹ́là lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì tutù débi pé oòrùn ń gba inú wọn kọjá. Jóṣúà tẹjú mọ́ wọn títí ọrùn fi ń dùn ún. Ó ronú pé irú igi yìí pọ̀ káàkiri Ìsàlẹ̀ Èkó, pé òun ti gba abẹ́ wọn kọjá láìmọye ìgbà. Nọ́ńbà ilé ni òun máa ń wò, àti ojú àwọn tó ń múra àtisá.

Nígbà tí Fẹ́búárì ń parí lọ, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà dé sórí ọ̀pẹ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n ń ya imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n ń hun ilé, wọ́n ń jí koríko ara wọn, wọ́n sì ń bá ara wọn jà sí i. Díẹ̀ ló kù kí Jóṣúà sọ pé ariwo wọn jọ ti kóòtù kí adájọ́ tó wọlé, ó yára pa ẹnu dé. Jíbrílù tó ń tọ́jú ọgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilẹ̀ ní tirẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni, ó ti lé lógójì ọdún, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní àràárọ̀ yóò gbé ọkọ́ lé èjìká, yóò wo apá òkun, yóò mi orí pé kò tíì yá.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ọjọ́ Túsìdeè kan nínú oṣù Máàṣì, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ dé. Ó gbé eruku, ó gbé ọ̀rá, ó gbé ìwé ìròyìn kan tí ọkùnrin kan ń kà lọ sórí ọ̀pẹ. Jíbrílù ju ọkọ́ sílẹ̀, ó kígbe pé, "Ó ti dé o!" Gbogbo èèyàn sá lọ sábẹ́ àtíbàbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ìyá Onífìlà kó fìlà rẹ̀ sínú ike, ó dé e pinpin, òun náà lọ. Ṣùgbọ́n etí àtíbàbà ló dúró sí. Ó na ọwọ́ méjèèjì síta, ó gba omi, ó fi bọ́jú.

"Alihamudulilahi," ni ó wí. "Olúwa ò gbàgbé wa."

Òórùn ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi gba gbogbo ibẹ̀. Jóṣúà fi báàgì rẹ̀ sábẹ́ àga níbi tí òjò kò dé, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ sí ojúde, ó lọ dúró láàárín koríko. Bí wọ́n bá bi í léèrè ohun tó ṣe é, kò ní lè sọ. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni, orúnkún ń dùn ún, ìwé mẹ́rin ṣì wà tí kò tíì pín lọ́jọ́ náà. Omi ń ṣàn gba ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ wọ inú. Àwọn tó wà lábẹ́ àtíbàbà ń rẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin kan sì ń ké sí i pé, "Daddy, ẹ máa gba òtútù o!" Ó juwọ́ sí i pé kò léwu.

Nígbà tó padà dé ọ́fíìsì, Arábìnrin Bùkọ́lá tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka wọn wò ó látòkè délẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, ṣé wọ́n tún da omi lù yín ni?"

"Rárá, mà. Òjò ni."

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, bó ti ń wọ ọgbà ló dúró sójú kan. Ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ látìgbà tó ti ń wá, ti kún fún òdòdó funfun. Wọn kò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró lórí ọ̀pá tinrín tirẹ̀, wọ́n la ẹnu sí oòrùn, oyin ti wà nínú wọn. Jóṣúà ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó fi tipátipá lóṣòó.

"Jíbrílù, ìgbà wo lo gbìn ín?"

"Èmi kọ́ ni mo gbìn ín, sà. Ó ti wà nílẹ̀ kí n tó débí. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ewé á kú, ìdí á sùn. Òjò ló máa ń jí i."

"Ọdọọdún?"

"Ọdọọdún, sà."

Ìyá Onífìlà ti wà lórí àga ní tirẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ó ti já òdòdó kan, ó gbé e ka itan, ó ń wo bí ewé rẹ̀ mẹ́fà ṣe tò. Lọ́jọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ fìlà tuntun kan, aṣọ rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò, òwú rẹ̀ funfun. Ojoojúmọ́ ni Jóṣúà ń rí i bí òdòdó náà ti ń pọ̀ sí i lára fìlà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Nílé, ó ń sọ fún Adéníkẹ́ nípa ẹ̀gà àti ewé fúrúútù nígbà tí wọ́n bá ń jẹun alẹ́. Adéníkẹ́ máa ń gbé ṣíbí dúró lẹ́nu.

"Bàbá Tèmilọlá, ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ òdòdó? Ṣé ara yín yá?"

"Ara mi yá."

"Kò burú. Ẹ máa sọ ọ́ lọ."

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Éépírì, Arábìnrin Bùkọ́lá fún un ní ìwé ìpè ẹlẹ́rìí kan. Ẹjọ́ ilé ẹbí ni. Bàbá onílé kan ní Ìta Fájì ti kú, àwọn ọmọ ìyàwó rẹ̀ méjèèjì sì ń jà sí yàrá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ilé. Wọ́n ní ayálégbé kan wà nílé náà tó wà níbẹ̀ nígbà tí bàbá sọ ẹni tó fẹ́ kó ni yàrá náà. Orúkọ tó wà lórí ìwé ni Mùtíátù Ọládòkun.

Jóṣúà lọ ní ọjọ́ kìíní. Ọmọbìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ganiat ló jáde sí i, ó ní ìyá òun ti lọ sí Ìsẹ́yìn. Ó lọ ní ọjọ́ kejì, Ganiat ní wọn kò tíì dé. Ọ̀rọ̀ Ìsẹ́yìn náà ta sí i létí, ṣùgbọ́n ọmọ Ìsẹ́yìn pọ̀ ní Èkó. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Ganiat kò sí lẹ́nu ọ̀nà, Jóṣúà sì wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó lè kan ilẹ̀kùn. Ó gbé ọwọ́ sókè, kò kàn án. Ike onídèérí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Lórí rẹ̀ ni fìlà aláwọ̀ àlùkò kan wà, wọ́n fi igi onífìlà tì í nínú kó má baà rún, òdòdó funfun oní-ewé mẹ́fà sì yí gbogbo etí rẹ̀ ká.

Ó rọra yí padà, ó jáde sí ojú pópó.

Ọjọ́ méjì ni kò fi dé ọgbà. Ó ro ọ̀rọ̀ náà lọ, ó rò ó bọ̀. Ó lè dá ìwé náà padà kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n wọn yóò bi í léèrè ìdí. Ó lè kọ ọ́ síwèé pé òun kò rí ẹni náà, adájọ́ yóò sì ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn níbi tí gbogbo àdúgbò yóò ti kà á. Ó sì lè gbé e lé e lọ́wọ́ lórí àga nínú ọgbà. Òfin gbà á láàyè, òun náà ti ṣe irú rẹ̀ rí, ó ti fún ọkùnrin kan ní ìwé nídìí ibi tó ti ń fá irun. Èyí gan-an ló ń bà á nínú jẹ́ jù.

Nígbà tó sọ ọ́ fún Adéníkẹ́, ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè pé:

"Kí lẹ sọ fún un pé ẹ̀ ń ṣe?"

"Iṣẹ́ ìjọba."

"Ẹ lọ sọ òótọ́ fún un kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Ní ọjọ́ kẹta ó lọ. Bó ti yọ lẹ́nu ọ̀nà ni Ìyá Onífìlà ti ń pè é.

"Ọmọ Ẹ̀gbá! Níbo lẹ wọlé sí? Pánṣẹ́kẹ́ ti yọ, ẹ̀yin ò sí níbẹ̀!"

Igi pánṣẹ́kẹ́ ńlá tó wà lápá ìwọ̀ oòrùn ọgbà ti tanná. Láàárín ọjọ́ méjì yẹn ni òkè rẹ̀ ti pọ́n fòò, kò tíì ní ewé púpọ̀, òdòdó nìkan ló wà lórí rẹ̀. Àwọn akọ̀wé kóòtù tó wá jẹun ọ̀sán ń fi fóònù ya á. Ìyá Onífìlà ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò lórí àga àtijọ́, ó ti lọ tẹ́ ẹní sábẹ́ rẹ̀. Jóṣúà kò jókòó.

"Ìyá, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún yín."

"Ẹ jókòó kẹ́ ẹ sọ ọ́."

"Kóòtù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń pín ìwé ìpè. Ìwé yín wà lọ́wọ́ mi."

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Ìyá Onífìlà.

"Ẹ̀yin ni akódà tí Ganiat ń sọ? Tó ga, tó ń tiro?"

"Èmi ni. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni mò ń wá títí mo fi rí fìlà yín lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mi ò ní fún yín níbí. Lọ́la ní aago mẹ́jọ àárọ̀, màá wà nílé yín. Bẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ wà níbẹ̀. Bẹ́ ẹ ò bá sí, ohun tí mo bá rí ni màá kọ."

Ìyá Onífìlà gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ mọ́ fìlà. Ó kó fìlà, ó kó òwú, ó ká ẹní rẹ̀. Òdòdó pupa méjì wà lórí ìborùn rẹ̀ nígbà tó ń lọ, kò gbọ̀n wọ́n dànù. Kò kí Jóṣúà pé ó dàbọ̀.

Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Onífìlà wà lórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti wẹ̀, ó ti wọ bùbá léèsì. Ganiat dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò fẹ́ wo ojú Jóṣúà.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Ẹ káàárọ̀. Ẹ gbé e wá." Ṣùgbọ́n kò tíì na ọwọ́. "Ọdún méjìdínlógójì rèé tí mo ti wà nílé yìí. Ọmọ ìyàwó àgbà, èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ọmọ ìyàwó kékeré, orí ẹsẹ̀ mi ló ti kọ́ abẹ́rẹ́ lílò. Wọ́n ní kí n wá dúró níwájú adájọ́ kí n sọ ẹni tí bàbá wọn fẹ́. Ẹnu tí mo bá fi sọ ọ́, ọ̀kan nínú wọn ò ní bá ẹnu náà sọ̀rọ̀ mọ́. Ìdí tí mo fi ń sá nìyẹn. Ẹ̀rù kóòtù kọ́ ló ń bà mí."

Iṣẹ́ Jóṣúà kò fún un láyè láti gba ẹlẹ́rìí nímọ̀ràn. Ó ro ohun tó lè sọ tí kò ní kọjá ààyè rẹ̀.

"Wọn ò ní kí ẹ wá dájọ́, mà. Ohun tẹ́ ẹ fi etí yín gbọ́ nìkan ni wọ́n ń béèrè."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdájọ́ wà lọ́wọ́ adájọ́."

Ó gba ìwé náà. Nígbà tí Jóṣúà fi ibi tí yóò fọwọ́ sí hàn án, ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kéwú, láti apá ọ̀tún sí òsì, ó rọra ń kọ ọ́, ó sì dára lójú ju gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé náà lọ. Jóṣúà dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ ọgbà.

Láti ọjọ́ yẹn, Ìyá Onífìlà kò wá mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó di méjì, ó di mẹ́ta. Jóṣúà ṣì ń lọ. Ní ọjọ́ kìíní, ó rò pé òun ò ní lè jókòó pẹ́, nítorí ó jọ pé ojú obìnrin náà ni òun fi ń wo gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó rí i fúnra rẹ̀ pé ewé tútù ti ń yọ láàárín òdòdó pánṣẹ́kẹ́. Ó rí ọmọ ẹ̀gà tó ń na ọrùn jáde nínú ilé rẹ̀. Lẹ́yìn òjò alẹ́ kan, ó rí ìyẹ́ èsúnsún tó kún abẹ́ òpó iná bí ìgbà tí èèyàn da èèpo àlùbọ́sà síbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí wọn, ṣùgbọ́n ìdùnnú náà kò kún, nítorí kò sí ẹni tí yóò fi hàn.

Ọkùnrin kan tó ń ta ìwé ìbúra fún àwọn oníkóòtù wá jókòó tì í ní ọ̀sán kan. Ó wo báàgì rẹ̀.

"Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Akódà kóòtù ni mí. Èmi ni mo máa ń pín ìwé ìpè."

"Ah! Ẹ̀yin lẹ máa ń dẹ́rù bà wá." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ya búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì, ó na ìlàjì sí Jóṣúà. Jóṣúà gbà á. Ó jẹ ẹ́ tán kó tó mọ̀ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún púpọ̀ tí òun pe iṣẹ́ náà lórúkọ fún àjèjì.

Ìyá Onífìlà jẹ́rìí nínú oṣù Mée. Jóṣúà kò wọ inú kóòtù lọ́jọ́ náà, ó ní ìwé láti gbé lọ sí Ọ̀bàléńdé, ṣùgbọ́n akọ̀wé kan tó wà níbẹ̀ sọ fún un. Ó ní obìnrin náà di Kùránì mú, ó ní bàbá onílé sọ fún òun lójú ọmọ rẹ̀ méjèèjì pé yàrá ẹ̀yìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ti ọmọ ìyàwó kékeré. Lọ́yà kan bi í léèrè bóyá ó fẹ́ràn ọmọ náà ju èkejì lọ. Ó ní, "Èkejì ni mo fẹ́ràn jù. Òun ni mo wẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá kò sọ pé tirẹ̀ ni."

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Júùnù, òjò ti ń rọ̀ lójoojúmọ́, àwọn òdòdó pánṣẹ́kẹ́ sì ti ń já, wọ́n tẹ́ sórí koríko. Jóṣúà ń nu àga tó tutù pẹ̀lú ìwé ìròyìn nígbà tó gbọ́ ohùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ nu tèmi náà."

Ìyá Onífìlà ni, pẹ̀lú ike rẹ̀. Ó tinrín díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Jóṣúà nu àga náà dé ìparí, wọ́n jókòó.

"Ọmọ tí mo wẹ̀ ò kí mi mọ́," ni obìnrin náà wí. "Bí mo bá jáde, á wọlé. Ìyàwó rẹ̀ ń kí mi ní ìkọ̀kọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, mà."

"Mo bínú sí yín. Ó lé lóṣù kan. Mo ní bí wọ́n bá rán ẹlòmíràn, màá ti bá ọ̀nà ẹ̀yìn jáde." Ó ṣí ike rẹ̀, ó yọ òwú. "Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, láti ọdún tó kọjá tí ẹjọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, mi ò sùn dáadáa. Nísinsìnyí mò ń sùn. Inú mi bàjẹ́, mo sì ń sùn. Àwọn méjèèjì lè wà pa pọ̀, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀."

"Ṣé wọn ò ní lé yín jáde?"

"Ta ló máa lé mi? Adájọ́ ò tíì dá ẹjọ́. Bó bá sì dá a, ọ̀rọ̀ wọn ni. Mo ti sọ tèmi." Ó wo yíká ọgbà, ó wo koríko tó ti ga dé kókósẹ̀, ó wo Jíbrílù tó wọ aṣọ òjò, tó ń gé ẹ̀ka kan. "Ẹ wò ó, gbogbo pánṣẹ́kẹ́ ni mo pàdánù lọ́dún yìí."

"Mo wò ó fún yín," ni Jóṣúà wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un: ọjọ́ tó pọ́n jù, ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ já ẹ̀ka kan, ọmọ ẹ̀gà tó jábọ́ tí Jíbrílù fi àkàbà gbé padà sókè. Ìyá Onífìlà ń gbọ́, ó ń ránṣọ, ó ń dá a dúró nígbà mìíràn láti béèrè ọ̀rọ̀.

Ní Sátidé, Jóṣúà mú Adéníkẹ́ wá. Àgbàdo tuntun ti dé, wọ́n ra sísè lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àgbọn, Ìyá Onífìlà sì tẹ́ ẹní fún wọn. Àwọn obìnrin méjèèjì kí ara wọn pẹ́, wọ́n ti béèrè ọmọ, wọ́n ti béèrè ìlú, wọ́n ti bá ara wọn dé Ìsẹ́yìn kí Jóṣúà tó jẹ àgbàdo kan tán. Adéníkẹ́ tọ́ka sí òdòdó ofeefee kan tó ń fà lórí irin ọgbà.

"Kí ni wọ́n ń pe èyí?"

Jóṣúà wo Ìyá Onífìlà. Ìyá Onífìlà wo Jóṣúà.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ni obìnrin náà wí. "Kò sí níbí léṣìí."

"Jíbrílù!" ni Jóṣúà pè, ó sì dìde, ó ń rọra tẹ orúnkún rẹ̀, ó lọ béèrè.